Ta ló ni orúkọ oúnjẹ? Oscypek, prošek, àti ohun tí wọ́n ń bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà EU

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ wa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ fẹ́ràn jù, ohun tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Mo kàn yọ gbogbo "ẹn-ẹn" àti "ṣé ẹ rí i" inú rẹ̀ kúrò ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sè é. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ àdúgbò kan nígbà tí orílẹ̀-èdè tó ni ín bá lọ wọ ẹgbẹ́ ńlá la fẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ tí mo ní lọ́kàn ni EU, ìyẹn Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù. Tí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ wọlé síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ físà àti owó nìkan ló wà nílẹ̀. Òfin ilé ìdáná wà níbẹ̀, òfin bí wọ́n ṣe ń pa ẹran wà níbẹ̀, òfin ohun tí wọ́n lè kọ sára páálí àti ìgò wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wọlé ló máa gba òfin tó bá nílé, kì í ṣe ilé ló máa yí òfin padà fún un. Ó lè bẹ̀bẹ̀ fún àkókò díẹ̀, ó lè bẹ̀bẹ̀ fún àyè kékeré kan níbí tàbí lọ́hùn-ún. Nínú àyè kékeré yẹn ni ìtàn tòní wà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Pólándì, ní ìsàlẹ̀ gúúsù pátápátá, níbi tí òkè Tatra wà. Podhale lorúkọ agbègbè náà, Zakopane sì ni ìlú tí gbogbo arìnrìn-àjò ń lọ. Tẹ́ ẹ bá rin òpópónà Krupówki níbẹ̀, ẹ máa rí àwọn ìyá tó to nǹkan aláwọ̀ oyin sórí àtẹ. Ìrísí rẹ̀ dà bíi ti ìrànwú: orí ṣóńṣó, ìdí ṣóńṣó, àárín tóbi. Wọ́n ti fín ọnà sí i lára, èéfín sì ń rùn lára rẹ̀. Oscypek nìyẹn, ṣíìsì tí wọ́n ń fi mílíìkì àgùntàn ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri ní Ìlọrin, ẹ gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn díẹ̀. Wàrà rọ̀, oscypek le. Èyí tó pé òṣùwọ̀n gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17 sí 23, ó sì wọn gíráàmù 600 sí 800.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti fẹ́ wá. Tí oṣù karùn-ún bá dé, olórí àwọn darandaran, tí wọ́n ń pè ní baca, á kó àgùntàn ọ̀pọ̀ ìdílé gun orí òkè. Òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á máa gbé nínú ahéré onígi. Wọ́n á fún mílíìkì, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú agbada onígi, wọ́n á fi èròjà inú ikùn ọmọ ẹran sí i kó lè dì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó èyí tó dì jọ, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń fún omi inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó kì í sínú igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Lẹ́yìn náà ó di inú omi iyọ̀. Láti ibẹ̀ ó di òkè àjà, níbi tí èéfín iná tó ń jó láàárín ahéré á ti máa gbá a fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọn kì í se mílíìkì yẹn láti pa kòkòrò inú rẹ̀. Tútù tó jáde lára ẹran ni wọ́n ń lò.

Ó dáa. Ẹ wá fi ojú ọ̀gá ìmọ́tótó wo ibẹ̀. Agbada onígi! Iná lórí ilẹ̀ láàárín ilé! Èéfín nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ! Kò sí táìlì lára ògiri, kò sí irin tí kì í dípẹtà, mílíìkì tútù sì ni. Nígbà tí Pólándì ń múra àtiwọ EU, èyí tó padà wáyé ní ọjọ́ 1, oṣù karùn-ún, ọdún 2004, ẹ̀rù tó wà lórí òkè yẹn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé wọn ò ní sọ wá di arúfin nídìí iṣẹ́ bàbá wa?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ìtàn yìí gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nìyí. Wọ́n á ní Brussels fẹ́ fòfin de oscypek. Rárá o. EU kò fòfin de ṣíìsì mílíìkì tútù rí. Ilẹ̀ Faransé, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ń fi mílíìkì àgùntàn tútù ṣe Roquefort títí dòní, òkìkí rẹ̀ sì kan káàkiri ayé. Òfin EU fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀: ìjọba orílẹ̀-èdè lè yọ̀ǹda fún oúnjẹ ìbílẹ̀ láti máa lo irinṣẹ́ onígi, tàbí yàrá tí ògiri rẹ̀ kò dán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àyè yẹn kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ní láti béèrè, ẹnì kan ní láti kọ ìwé, ìjọba ní láti sọ fún EU pé àwọn ti yọ̀ǹda. Ilẹ̀ Faransé ní àwọn tó mọ ìwé yẹn í kọ láti ọjọ́ pípẹ́. Baca tó wà lórí òkè pẹ̀lú àgùntàn, ta ló ń bá a kọ tiẹ̀?

Èrò tèmi ni pé ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Òfin lè gbà ẹ́ láàyè nínú ìwé, kí òṣìṣẹ́ tó wá ṣàyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù rẹ má sì mọ̀ pé ó gbà ẹ́ láàyè. Ẹni tó bá ti fẹ́ forúkọ iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ ní Nàìjíríà rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀nà tí Pólándì gbà ni pé wọ́n forúkọ oscypek sílẹ̀. Láti ọdún 1992 ni EU ti ní òfin tó ń dáàbò bo orúkọ oúnjẹ tó ní ibi tó ti wá. Tí wọ́n bá ti kọ orúkọ náà sínú ìwé, kò sí ẹlòmíì tó gbọ́dọ̀ lò ó, àfi ẹni tó wà ní agbègbè yẹn tó sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Bryndza podhalańska, ṣíìsì àgùntàn rírọ̀ kan tó wá láti òkè kan náà, ni àkọ́kọ́ tí Pólándì gbà, lọ́dún 2007. Oscypek tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún 2008. Kò sì rọrùn, torí Slofákíà tó wà ní ìhà kejì òkè náà ta kò ó. Àwọn náà ní oštiepok. Orúkọ jọ ara wọn, ìrísí jọra, ìtàn sì jọra, nítorí àwọn darandaran Vlach tó ń ṣí kiri lórí òkè Carpathian ló gbé iṣẹ́ yìí dé ìhà méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà síbẹ̀. Wọ́n padà fẹnu kò pé kí oníkálukú mú orúkọ tirẹ̀, Slofákíà sì forúkọ ti wọn náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Ṣé gbogbo ẹ̀ ti wá tán síbẹ̀? Kò tán. Ìwé tó dáàbò bo oscypek náà ló tún há a mọ́. Ó ní mílíìkì àgùntàn kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíìkì màlúù tó bá sì wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti màlúù pupa ilẹ̀ Pólándì. Ó ní láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni kí wọ́n máa ṣe é. Ẹni tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ pe tirẹ̀ ní oscypek, kódà kí bàbá bàbá rẹ̀ ti máa ṣe é. Ẹ wá padà sí Krupówki, lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà yẹn. Oṣù kejì ọdún ni àwọn tó ń ṣeré lórí yìnyín máa ń rọ́ dé. Ọjà á gbóná. Àgùntàn wo ló wá ń fún mílíìkì nínú yìnyín? Torí náà, púpọ̀ nínú ohun tí àlejò ń rà nígbà òtútù, mílíìkì màlúù ni. Ó dùn, mi ò ní kò dùn, ṣùgbọ́n òfin ní kó wá orúkọ míì. Àwọn kan yí lẹ́tà kan padà, àwọn kan pè é ní ṣíìsì òkè. Ẹni tí òfin gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá ni baca. Ẹni tí òfin gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni ìyá tó wà nídìí àtẹ.

Ní Kroáṣíà, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Prošek ni wáìnì dídùn kan ní etíkun Dalmatia. Wọ́n máa ń sá èso àjàrà sóòrùn kó kọ́kọ́ gbẹ, kí wọ́n tó fún un, wọ́n sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Prosecco ti àwọn ará Ítálì ń hó, wọ́n sì ń ṣí i níbi ayẹyẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ òde ní Lekki mọ ìyẹn. Ohun tí àwọn méjèèjì fi jọra kò ju ìró orúkọ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Kroáṣíà wọ EU ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2013, wọ́n ní orúkọ prošek ti sún mọ́ Prosecco jù, kó kúrò lára ìgò. Lọ́dún 2021, EU gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ Kroáṣíà jáde pé kí wọ́n dá orúkọ náà padà fún wọn. Ariwo tó ti Ítálì wá kì í ṣe kékeré.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹnu Ítálì náà ti tọ́ èyí wò rí. Àwọn àgbẹ̀ Friuli ní wáìnì tí wọ́n ń pè ní Tocai. Họ́ngárì ní Tokaj tiwọn. Lọ́dún 1993, kí Họ́ngárì tó wọ ẹgbẹ́ rárá, wọ́n ti bá Yúróòpù ṣe àdéhùn pé orúkọ yẹn á di tàwọn nìkan. Ítálì lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ Yúróòpù kò dá wọn láre lọ́dún 2005. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2007 parí, ó tán. Wáìnì Friuli di Friulano. Ẹni tó ti wà nínú ilé ló pàdánù níbẹ̀, torí ẹni tó ń bọ̀ ti tètè gbé ìwé rẹ̀ dání.

Àwọn ará Ọ́síríà ni wọ́n gbọ́n jù lójú mi. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe oúnjẹ yàtọ̀. Tí ará Jámánì bá pe ọ̀dùnkún òyìnbó ní Kartoffel, ará Ọ́síríà á ní Erdäpfel. Tomate lọ́hùn-ún, Paradeiser níbí. Wọ́n bẹ̀rù pé tí àwọn bá wọlé, orúkọ Jámánì ni wọ́n máa fi dandan kọ sára páálí, bí ẹni ní kí ará Ìjẹ̀bú má pe nǹkan bó ṣe ń pè é mọ́ torí pé ará Ọ̀yọ́ pọ̀ jù wọ́n lọ. Kí wọ́n tó wọlé lọ́dún 1995, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ 23 sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn àti ti Jámánì ò ga ju ara wọn lọ. Ẹyọ 23 péré o, èyí tí kò sí níbẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà ń jẹ nínú òfin rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni EU ti dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ota-pia-pia. Ó sì tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Àdéhùn ọjà ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2021, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wá wà nínú OAPI, àjọ tó ń forúkọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, wọ́n sì ti fi gba ààbò fún ọ̀pẹ̀yìnbó Allada. Nàìjíríà kò sí nínú OAPI.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ wo iye náílọ̀nù tí wọ́n kọ "Gàrí Ìjẹ̀bú" sí lára, kẹ́ ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti yan án. Ká tiẹ̀ ní a fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la. Ìyá tó ń dì í sápò, tó ń gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta, àti ìyá tó ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ti ta ni a ó kọ sínú ìwé? Ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́, àmọ́ tó yan án ní Ìjẹ̀bú Igbó, ṣé a ó gbà á wọlé?

Ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí wa, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ń yan gàrí. Iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń jẹ́ kó kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Èyí tá a bá gbọ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.