Omi Tó Mọ́ Lójú: Báwo Ni Ẹ̀rọ Ṣe Ń Mọ Ásíìdì Inú Rẹ̀?

Bí a bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, a máa ń wo àwọ̀, adùn àti òórùn omi. Ṣùgbọ́n ní ti mímu, ojú, ahọ́n àti imú nìkan kò tó. Omi kànga lè mọ́ gaara, síbẹ̀ kí ásíìdì inú rẹ̀ máa jẹ ọ̀pá àti ẹnu ẹ̀rọ omi. Bí òjé bá wà lára wọn, ó lè yòrò sínú omi, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

pH ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ásíìdì. Sørensen, onímọ̀ ará Denmark, ló gbé e kalẹ̀ ní 1909. Méje ni agbedeméjì. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀ sí i ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ásíìdì inú omi tó wà ní 5 jẹ́ ìlọ́po 100 ti èyí tó wà ní 7. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà fẹ́ kó wà láàárín 6.5 sí 8.5.

Gíláàsì ẹlẹgẹ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 1970, Piet Bergveld ní Netherlands lo transistor, irú èyí tó wà nínú rédíò àti fóònù wa. Transistor dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi: ó ní ibi kan tí í pinnu bí iná tí yóò gbà á kọjá ṣe máa pọ̀ tó. Bergveld yọ irin tó máa ń bo ibẹ̀, kí omi lè kàn án fúnra rẹ̀. Háídrójìn tí í mú omi kan yóò lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀. Nítorí pé ó ní agbára iná lára, iná tí ń kọjá yóò yí padà. Ẹ̀rọ náà yóò fi ìyípadà yìí wé wáyà mìíràn tí kì í yí padà nínú omi kan náà, yóò sì sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi òṣùwọ̀n 4 àti 7 tún un ṣe, kó tó gba ohun tó bá sọ gbọ́.

Ẹ má ṣe gbàgbé: pH kò mọ kòkòrò àìfojúrí. Omi tó wà ní 7 gan-an lè gbé àrùn onígbáméjì. Sísè ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í yọ òjé. Nítorí náà, ẹ se omi yín, kí ẹ sì tún gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ìdílé wa. Àmín.