Ẹ̀yà ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ṣeé yí nínú ọkọ̀ àfọwọ́ṣe

Ẹ̀yà ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ṣeé yí ni àwọn irin, oríkèé, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ènìyàn sì lè mú gùn tàbí kúrú, gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀, láìpààrọ̀ wọn. Wọ́n wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ eré-ìje àti nínú ọkọ̀ àfọwọ́ṣe, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹnì kan tò papọ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Ohun tó mú kí wọ́n wúlò náà ló mú kí wọ́n léwu: ibikíbi tó bá ṣeé yí lè tú, ó sì lè tẹ̀ tàbí kí ó kán. Bí apá tó di táyà iwájú mú bá kán lórí eré, sítíárìn kò lè darí táyà náà mọ́. Nítorí náà, agbára ẹ̀yà kan nìkan kò tó láti fi yàn án. Ibi tí yóò wà lára ọkọ̀ àti ọ̀nà tí ipá yóò gbà dé bá a níbẹ̀ ló ń pinnu bóyá kò léwu.

Ìtàn ní ṣókí

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ àfọwọ́ṣe tó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Lotus Seven, tí Colin Chapman gbé jáde ní ọdún 1957. Ẹni tó bá rà á ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, tó sì tò ó fúnra rẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ owó-orí ọjà tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun nígbà náà. Ní ọdún 1973, iléeṣẹ́ Caterham gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ọkọ̀ náà lọ. Ní ọdún 1996, Ron Champion tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè jó irin pọ̀ di ọkọ̀ tó jọ Seven, kí ó sì lo ẹ̀yà láti ara ọkọ̀ Ford àtijọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Locost.

Oríkèé tí wọ́n sábà máa ń lò níbi tó ṣeé yí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Rose joint ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Heim joint ní Amẹ́ríkà. Orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ni wọ́n fi pè é. Òrùka irin ni, tí bọ́ọ̀lù irin tó ní ihò láàárín wà nínú rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ sì ní tírẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá ń yí ìrù náà wọlé tàbí jáde, apá tó wà lára rẹ̀ á kúrú tàbí á gùn.

Ohun tí wọ́n ń yí

Ohun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń yí lára ẹsẹ̀ ọkọ̀:

- Gíga ọkọ̀ láti ilẹ̀, nípa yíyí àwo tí sípíríǹgì jókòó lé.
- Camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe dagun sínú tàbí síta.
- Toe, ìyẹn bí iwájú táyà méjèèjì ṣe súnmọ́ ara wọn tàbí jìnnà síra wọn. Èyí ni àwọn tó ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì máa ń tún ṣe jù.
- Líle ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn bí ó ṣe ń dẹ́kun ìfòsókè-fòsódò sípíríǹgì.

Ipá tó ń dé bá àwọn apá

Nínú ọkọ̀ bíi Locost, apá méjì ló di táyà iwájú kọ̀ọ̀kan mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹrù wọn kò dọ́gba. Àpẹẹrẹ kan fi èyí hàn. Bí ọkọ̀ kan tí ìwọ̀n òun àti awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ 600 kg bá tẹ bíréèkì débi pé ipá bíréèkì bá ìwúwo ọkọ̀ dọ́gba, ipá náà yóò jẹ́ nǹkan bí 5,890 newton. Bí àwọn táyà iwájú bá gba ìdá 70 nínú 100 rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gba nǹkan bí 2,060 newton.

Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni ipá yìí ti ń ṣiṣẹ́, àwọn apá sì wà lókè ibẹ̀. Bí oríkèé apá ìsàlẹ̀ bá fi 180 mm ga sí ilẹ̀, tí ti apá òkè sì fi 400 mm ga, apá ìsàlẹ̀ yóò gba nǹkan bí 3,750 newton sẹ́yìn, apá òkè yóò sì gba nǹkan bí 1,690 newton síwájú. Ẹrù apá ìsàlẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti apá òkè lọ, kí ènìyàn tó ka ti kòtò ojú ọ̀nà mọ́ ọn.

Ìyàtọ̀ láàárín ìfà àti ìtẹ̀

Tírẹ́ẹ̀dì máa ń fara da ipá tó bá fà á tàbí tì í ní gbọọrọ. Kì í fara da ipá tó bá tì í láti ẹ̀gbẹ́. Irin tó wà nísàlẹ̀ eyín tírẹ́ẹ̀dì M12 kò fẹ̀ ju nǹkan bí 9.85 mm lọ. Bí 3,750 newton bá fà á ní gbọọrọ, ìfúnpá inú irin náà jẹ́ nǹkan bí 49 MPa, ìyẹn newton 49 lórí milimítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ipá kan náà bá tì í láti ẹ̀gbẹ́, ní 25 mm sí ibi tó ti wọ inú apá, ìfúnpá náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 MPa, ìlọ́po ogún ti àkọ́kọ́. Irin tó ní agbára bọ́ọ̀tù onípò 8.8 máa ń tẹ̀ láìpadà bọ̀ sípò bí ìfúnpá bá tó nǹkan bí 640 MPa. Oríkèé tí wọ́n bá fi irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì fi sí ìparí apá ìsàlẹ̀ lọ́nà yìí, lè tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gidigidi. Bí ìfúnpá bá tilẹ̀ kéré sí èyí, àtẹ̀tẹ̀ṣubú ìgbà gbogbo lè mú kí irin náà sán díẹ̀díẹ̀ nídìí eyín tírẹ́ẹ̀dì, títí yóò fi kán láìròtẹ́lẹ̀. Carroll Smith, ẹlẹ́rọ ọkọ̀ eré-ìje ará Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa àṣà yìí nínú àwọn ìwé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Locost lo oríkèé sítíárìn Ford Transit, tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nípọn tó 18 mm, ní ìparí apá òkè. Bí 1,690 newton bá tì í láti ẹ̀gbẹ́ ní 25 mm, ìfúnpá inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 100 MPa péré. Ẹrù apá òkè kéré, irin náà nípọn, sípíríǹgì sì jókòó lé apá ìsàlẹ̀, nítorí náà oríkèé yìí kò ru ìwúwo ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé sípíríǹgì lọ sórí apá òkè, ìṣirò náà yóò yí padà pátápátá.

Ọ̀nà tó láàbò jù ni kí ìparí apá tó wà níhà táyà jẹ́ èyí tí kò ṣeé yí, kí ó sì ní bọ́ọ̀lì jọ́ìntì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú pópó. Àtúnṣe camber á wá wà níhà ṣásí, níbi tí ìrù oríkèé ti lè wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú páìpù apá. Ènìyàn tún lè fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín sẹ́yìn ìdè apá dípò tírẹ́ẹ̀dì.

Yíyan oríkèé àti bọ́ọ̀tù

Ìlànà tí àwọn tó ń to ọkọ̀ ń tẹ̀ lé nìwọ̀nyí:

- Tírẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ wọlé tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ìnípọn rẹ̀, ó kéré tán. Fún M12, èyí jẹ́ 18 mm. Ihò kékeré lára páìpù lè jẹ́ kí ènìyàn rí i bóyá ó ti wọlé tó.
- Nọ́ọ̀tù ìdè gbọ́dọ̀ wà lórí ìrù gbogbo oríkèé tó ṣeé yí, kí wọ́n sì fún un le lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan.
- Irin ìdè gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì oríkèé. Bọ́ọ̀tù tí irin dì mú ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo máa ń tẹ̀.
- Níbi tí bọ́ọ̀lù bá ti lè já kúrò nínú òrùka rẹ̀, wáṣà tó fẹ̀ ju òrùka náà lọ gbọ́dọ̀ wà, kí apá má baà bọ́ kúrò lára bọ́ọ̀tù.
- Ibi tó dán lára bọ́ọ̀tù ni kí ó wà nínú oríkèé. Ipò 8.8 tàbí 10.9 máa ń wà lára orí rẹ̀. Bọ́ọ̀tù irin tí kì í dípẹtà, tó jẹ́ ti ipò A2-70, kò lágbára tó 8.8, bó tilẹ̀ ń dán.
- Wọn kì í jó oríkèé Rose mọ́ páìpù, nítorí iná máa ń ba agbára irin rẹ̀ jẹ́.

Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì

Gbígbé àwo sípíríǹgì sókè máa ń gbé ọkọ̀ ga, ṣùgbọ́n kò sọ sípíríǹgì náà di líle sí i. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ tí táyà sì rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, sípíríǹgì kò gbọdọ̀ tú kúrò lórí àwo rẹ̀. Bí táyà bá sì fò sókè pátápátá, rọ́bà ìdádúró gbọ́dọ̀ dá a dúró kí òrùka sípíríǹgì tó kan ara wọn. Páìpù bíréèkì gbọ́dọ̀ gùn tó fún ìpẹ̀kun méjèèjì, ní gbogbo ipò tí sítíárìn lè wà.

Àyẹ̀wò ìjọba

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ àfọwọ́ṣe gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò kí ó tó lè gba nọ́ńbà fún ojú pópó. Àyẹ̀wò SVA bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, IVA sì rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2009. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àyẹ̀wò yìí ń wo ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ọ̀tù ìdè lè tú lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi ọ̀dà fa ìlà kan la nọ́ọ̀tù àti tírẹ́ẹ̀dì kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un le. Bí ìlà náà kò bá bára mu mọ́, nọ́ọ̀tù ti yí, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ rìn títí wọn yóò fi tún un ṣe.