Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Iye Ìwádìí Tí Dókítà Kọ, àti Iye Ẹni Tó Lò Ó

Ẹ̀yin ará Pedro, a mọ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú dáadáa. Ẹni tó tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé ìléwọ́ mọ iye tó tẹ̀, àmọ́ kò mọ iye ẹni tó kà á. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún dókítà tó ń ṣe ìwádìí. Ọ̀tọ̀ ni iye àpilẹ̀kọ tó kọ, ọ̀tọ̀ ni iye ìgbà tí àwọn olùwádìí mìíràn tọ́ka sí i.

Ní 2005, onímọ̀ físíìsì kan, Jorge Hirsch, da méjèèjì pọ̀ sínú òǹkà kan, h-index. Bó bá jẹ́ 10, àpilẹ̀kọ 10 ni wọ́n ti tọ́ka sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ó kéré tán ní ìgbà 10.

Lójú tèmi, òǹkà yẹn kò tó díwọ̀n èèyàn. Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1968, ó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Brain nípa àìsàn tó ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri, tó ń ba ojú àti etí jẹ́, lára àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá láìsí oúnjẹ gidi mìíràn. Ó fura sí májèlé inú ẹ̀gẹ́. Títí dòní ni wọ́n ń tọ́ka sí i. Gàrí tí à ń mu ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn!

Ó kú ní 1995. Ní 2001, ìwádìí tí òun àti àwọn olùwádìí mìíràn jọ dá sílẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA: nínú àwọn àgbà Yorùbá n'Ìbàdàn, àrùn Alzheimer (àrùn ìgbàgbé) tuntun jẹ́ 1.15% lọ́dún; láàárín àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà, 2.52%.

Bí wọ́n bá ní dókítà kan kọ àpilẹ̀kọ 200, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ohun tó wà nínú wọn.