Ohùn Inú Àwo Síídì

Láti ọdún 1974 títí di ọdún 1977, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Karin Barber, fi ìlú Òkukù ṣe ibùgbé, ó sì ń fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn obìnrin tí ń ki oríkì. Ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1991, *I Could Speak Until Tomorrow*, wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè ké, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lu ìlù.

Nígbà tí àwo síídì gbòde, kò di ìgbà tí ọ̀mọ̀wé bá dé mọ́ kí a tó gba ohùn sílẹ̀. Ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá gbogbo, ẹni tí ń ṣe ìgbéyàwó, ẹni tí ń sìnkú àgbà àti ẹni tí ń jẹ oyè a máa bẹ ẹni tí yóò gba orin ọjọ́ náà sínú àwo lọ́wẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwo wọ̀nyí ń bẹ nínú àpótí di òní. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rí àpótí gbé. Oko ni a so wọ́n mọ́, tí wọ́n ń kọ mànà láti lé ẹyẹ.

Ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Philips àti Sony gbé síídì jáde. Ẹ̀rọ a máa wọn ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì fi ihò wínníwínní kọ iye tí ó bá rí sára àwo, lórí ìlà kan tí ó ń lọ́ yíká láti àárín dé etí. Iná léésà ni ó ń ka ihò wọ̀nyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀yìn àwo, níbi tí a ń kọ orúkọ sí, ni ó léwu jù. Ojú tí ń dán nípọn. Bí ó bá ha díẹ̀, a lè ra á kí ó tún dán. Ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ gan-an ni awọ fẹ́lẹ́ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà wà, bí ẹnu bírò bá sì gún un, orin ibẹ̀ ti lọ. Ní ti àwo tí a fi kọ̀ǹpútà kọ, aró ni ó gbé orin rẹ̀ dání, oòrùn a sì máa ṣá aró náà bí ó ti ń ṣá aró aṣọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní irú àwo bẹ́ẹ̀ ní láti tètè kó ohùn inú rẹ̀ sínú fáìlì. Kí ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ún láti àárín lọ sí etí, kí ó má ṣe nù ún yíká. Kí ó fi í sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ibi tí ó bá ti kọsẹ̀ kà.

Ẹ̀dà méjì ni ó yẹ kí ó ṣe: ọ̀kan fún aká, ọ̀kan fún ọjà. Ìṣẹ́jú kan orin síídì ń gba bí mẹ́gábáìtì 10. Fáìlì FLAC a máa ká a bí ẹni ká ẹní, kò sì ní sọ ohunkóhun nù. Èyí ni ti aká. MP3, tí àwọn onímọ̀ Jámánì ṣe aṣáájú nínú rẹ̀, lè sọ ìṣẹ́jú kan náà di mẹ́gábáìtì 1, nítorí pé ó ń ju ìró tí etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nù. Ó rọrùn láti fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un pọ̀ jù, ṣaworo ara ìyáàlù àti ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, ohun tí ó sì ti jù nù kì í padà. Àgbàdo tí a ti lọ̀ kì í tún di hóró.

Fífi ránṣẹ́ ní òfin tirẹ̀. Haruna Ishola, ẹni tí ó kọ orin fún Ẹgbẹ́ Oroki ti Òṣogbo ní ọdún 1971, kú ní ọdún 1983. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo orin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó dá a. A jẹ́ pé títí ọdún 2053 yóò fi parí, àwọn àrólé irú olórin bẹ́ẹ̀ ni a óò tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Obìnrin tí ó ki oríkì níbi òkú ní Ìnísà lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìbéèrè kan náà, àti ìdílé tí ó kì. Kí a fi í ránṣẹ́ sí ọmọ ilé tí ó wà lókè òkun yàtọ̀ sí kí a gbé e síwájú gbogbo ayé.

Orúkọ kù. Kọ̀ǹpútà a máa kọ “Track 01” sára fáìlì bí a kò bá kọ nǹkan mìíràn. Bí ó bá fi orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrò ní Òkukù, ẹni tí ó bá rí i ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní mọ̀ bóyá Ìkìrun ni a ti kì í, kò ní mọ ọdún tàbí ayẹyẹ tí a fi ṣe, kò sì ní mọ obìnrin tí ohùn náà jẹ́ tirẹ̀.