Awasedo: òkúta tí wọ́n fi ń parí ojú abẹ

Ọ̀rọ̀ kan láti inú èdè Japan ni mo fẹ́ ká jọ tú wò lónìí: awasedo. Orúkọ òkúta ni. Òun ni wọ́n fi ń parí pípọ́n abẹ ìfárùngbọ̀n, ìyẹn abẹ gígùn tó máa ń ká sínú èkù rẹ̀.

Ẹ wo ìhun rẹ̀ ná. "To" ni òkúta tí a fi ń pọ́n nǹkan. "Awase" wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí kí a mú nǹkan méjì pàdé, kí wọ́n bára mu. Nígbà tí wọ́n so wọ́n pọ̀, "to" di "do". Kì í ṣe àṣìpè o. Irú àyípadà ìró yìí wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ wọn, rendaku ni wọ́n ń pè é. Àwa náà ṣáà ní tiwa: "fá orí" di "fárí", ta ló bi wá léèrè?

Lójú tèmi, orúkọ náà bá iṣẹ́ ọ̀hún mu gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń náwó rẹpẹtẹ sórí òkúta yìí, wọ́n rò pé yóò jí abẹ tó ti kú. Kò lè ṣe é. Díẹ̀ báyìí ló ń jẹ lára irin. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì abẹ kò bá tíì pàdé dáadáa lórí òkúta tí kò kúnná tó bẹ́ẹ̀, láti ìdí dé orí, ẹ lè máa fà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣe ni yóò máa fa irun tu, tí yóò sì bó èèyàn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Àwọn òkè tó wà lẹ́bàá Kyoto ni wọ́n ti wa àwọn tó lókìkí jù, bíi ti Nakayama àti Ozuku. Lẹ́búlẹ́bú tó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun ní ohun tó ju mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn ló dì di òkúta. Nítorí pé ilẹ̀ ló ṣe é, kò ní nọ́ńbà lára bíi ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ 1000 tàbí 8000 sí. Inú ihò kan náà ni méjì ti lè jáde, kí ìwà wọn má dọ́gba. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ lè dára fún ọ̀bẹ ìdáná. Abẹ ń fẹ́ èyí tó le, tó sì kúnná.

Òkúta tó le bẹ́ẹ̀ kì í tètè yọ ẹrẹ̀, òun ni wọ́n fi ń fi òkúta kékeré kan, nagura, ha ojú rẹ̀ pẹ̀lú omi. Mikawa, ní Aichi, ni nagura funfun ti ń wá. Bótilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́, ètò tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni botan, lẹ́yìn náà tenjo, mejiro, koma. Ẹrẹ̀ wọn ń kúnná sí i bí a ṣe ń lọ. Tomonagura ló kẹ́yìn, èérún òkúta tó bá awasedo fúnra rẹ̀ tan.

Nísinsìnyí, ọwọ́ ló kù. Ẹ tẹ́ abẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ jọ fara kan òkúta; ẹ̀yìn yẹn ló ń di ìdagun mú, ẹ má gbé e sókè rárá. Ojú ni kó ṣáájú. Tó bá kan kí ẹ yí i padà, ẹ fi ẹ̀yìn yí i. Ẹ máa kán omi sí ẹrẹ̀ náà kó máa ṣàn sí i, títí yóò fi ku omi lásán. Níbẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́, ìwúwo abẹ tó: ojú tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ bí a bá fagbára lé e. Lẹ́yìn náà la wá ń fà á lórí awọ, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀yìn ni yóò ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó gé awọ náà.

Ọ̀pọ̀ ihò Kyoto ti dáwọ́ dúró, owó òkúta ńlá sì ti gun òkè. Ṣùgbọ́n koppa wà, àwọn àfọ́kù tí kò ní ìrísí gidi. Abẹ kò fẹ̀, koppa tó tẹ́jú dáadáa tó fún un.