Garba, oúnjẹ tó ń gba òṣìṣẹ́ Abidjan lọ́wọ́ ebi

Tí ẹ bá dé Abidjan lọ́sàn-án, tí owó ọwọ́ yín ò sì ká ilé oúnjẹ ńlá, ẹ béèrè garba. Attiéké ni, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi ooru omi sè, pẹ̀lú ẹja túnà díndín, ata àti àlùbọ́sà. Ó fẹ́ jọ gààrí, àmọ́ ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí wọn!

Àwọn Hausa láti Niger ló pọ̀ nídìí títà rẹ̀. Nígbà tí iye owó CFA já sí ìlàjì ní 1994, tí ọjà wọ́n gógó, garba ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sá tọ̀. Ní 2024, àjọ UNESCO fi ọgbọ́n ṣíṣe attiéké sínú àkójọ àjogúnbá àṣà ọmọ aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gẹ́ bá ti wọ́n, inú abọ́ oníbàárà ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn.