Abà Wo Ni Kí A Mú Àwọn Ọmọ Lọ?

Ìbéèrè tí olóòtú ètò yìí gbé ka iwájú wa ni pé: bí òbí bá fẹ́ mú ìdílé rẹ̀ lọ lo ìsinmi ní oko Ìbàràpá, báwo ni yóò ṣe mọ abà tí ó yẹ? Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Nínú kíláàsì kan tí mo ń kọ́ ní yunifásítì, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ebè àti poro. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, Yorùbá ni wọ́n sì ń kà láti gboyè. Ẹni méjì péré ni ó mọ̀ pé ààyè tí a ń tọ̀ láàárín ebè kan àti èkejì ni à ń pè ní poro. Àwọn yòókù kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí.

Ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn àgbẹ̀ a máa gba àlejò sílé fún owó, àwọn ìdílé láti ìlú ńlá a sì máa lọ bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Wọ́n ṣe òfin lé e lórí ní 1985, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2006. Ohun tí ó wù mí nínú òfin náà ni pé iṣẹ́ oko gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìgbàlejò gbọ́dọ̀ wà. Ní Ìbàràpá, ẹbí àti ojúlùmọ̀ ni ó ń gba ni sí abà, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn bá wa mu. Abà tí kò sẹ́ni tí ó ń roko níbẹ̀ mọ́, kí ni a fẹ́ lọ wò níbẹ̀?

Èmi gan-an ti ṣàṣìṣe rí. Abà kan tí kò jìnnà sí Èrúwà ni mo kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ mi lọ. Ohun tí mo fi yàn án ni pé ọ̀dà dé ibẹ̀, páànù ilé wọn sì ń dán. N kò mọ̀ pé àwọn tí ó kù níbẹ̀ ti fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ń gun ọ̀kadà. Ìró jẹnẹrétọ̀ ni àwọn ọmọ gbọ́ jù fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọdún kejì, a lọ sọ́dọ̀ ìbátan ìyá wọn kan ní ọ̀nà Ìdèrè. Páànù ibẹ̀ ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Wọ́n ti fọ́ bàrà, wọ́n ti kó o jọ kí ó lè rà. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ! Ọmọ mi obìnrin di imú, ó ní òun ń lọ sílé. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, òun ni ó jókòó ti àwọn ìyá tí ń fọ ẹ̀gúsí, tí ó ń béèrè orúkọ èyí àti tọ̀hún. Bàrà, háríhá, ṣúkù, àáró: gbogbo rẹ̀ ni ó kó bọ̀ wá sílé.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó bi onílé ni iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe lọ́wọ́ nígbà tí a bá dé. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni mo fara mọ́ jù, láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án. Àgbàdo tútù wà nígbà náà, iṣu titun sì ń jáde. Ìsinmi Kérésìmesì dára fún ẹni tí ó fẹ́ràn ọyẹ́, ṣùgbọ́n omi a máa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe kékeré ní Ìbàràpá. Àwọn àgbà yóò rántí sòbìà. Láàárín 1970 sí 1990, ó dá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ìdèrè. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí ètò ìlera wọn ti wà ní Igbó-Ọrà láti 1963, ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀. Kòkòrò tíntìntín inú omi adágún ni ó gbé ọmọ aràn náà. Ẹni tí ó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, aràn gígùn yóò máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀; bí ó bá sì ti ẹsẹ̀ náà bọ adágún, ó ti kó àrùn bá omi gbogbo abà. Aṣọ asẹ́, kànga ẹ̀rọ àti ìlanilọ́yẹ̀ ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀. 2008 ni a rí ẹni tí ó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Sòbìà lọ, ṣùgbọ́n adágún tí ènìyàn àti màlúù jọ ń mu kò tí ì lọ. Bí abà kò bá ní kànga tí a bò dáadáa, ẹ gbé omi dání, tàbí kí ẹ se tiwọn kí ó hó. Ẹ má sì gbàgbé àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fò dá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu Igangan lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé títí kan ààfin ọba. Ẹ bi baálẹ̀ abà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé àwọn onílé fúnra wọn ń sùn níbẹ̀? Bí wọ́n bá ń padà sí ìlú lálaalẹ́, ẹ̀yin náà ẹ má sùn níbẹ̀. Ẹ wọ̀ sí Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, kí ẹ máa bá wọn lọ sí oko etílé láàárọ̀, kí ẹ máa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyẹn náà tó ìsinmi.

Ẹ má ṣe na owó sí onílé bí ẹni ń san owó òtẹ́ẹ̀lì. Inú lè bí i. Iyọ̀, ọṣẹ, ẹja gbígbẹ àti búrẹ́dì ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ yà kí baálẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni oko kí ẹ tó gbéra. Ní ọ̀nà Ìdèrè tí mo wí yẹn, baba arúgbó kan gbọ́ “Àroko bọ́dún dé o!” lẹ́nu ọmọ mi ọkùnrin. Ó gbé ọkọ́ kalẹ̀, ó wò ó títí, ó ní kí ó wá kọ ebè kan kí òun rí i.